Títa Kọ́ Ni Ìwòsàn: Àtúnṣe Kan Lórí Salicylic Acid

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Adó-Èkìtì àti láwọn ìlú tó yí i ká, láti Ìyìn àti Ìgèdè dé Ìjerò. Ìgbàgbọ́ náà ni pé oògùn ara tó bá ń ta ni, tó sì ń mú kí awọ ṣí, òun ni ojúlówó. Èyí tí kò bá ta, omi lásán ni. Orí salicylic acid ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ọṣẹ́ jù lọ. Inú ìpara Whitfield tí a fi ń pa làpálàpá ni ásíìdì yìí wà. Ó wà nínú ọṣẹ àti omi ìfọjú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòrókò ń rà nítorí irorẹ́. Ó wà nínú oògùn tí a ń kán sórí kókó líle ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, ó wà nínú ìpara tí wọ́n ń pò fún ẹni tó fẹ́ kí ara òun pupa sí i. Ibi yòówù kó wà, ìbéèrè kan náà ni oníbàárà ń bi oníkẹ́mísì: "Ṣé ó ń ta dáadáa?"

Ó yẹ ká kọ́kọ́ gba ti àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ rò, nítorí wọn ò ṣàdédé gbà á. Ẹni tí làpálàpá ń dà láàmú fi kànìnkànìn ha ojú ibẹ̀, ó fi Whitfield pa á, ó ta á bí iná. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ibẹ̀ ṣí, làpálàpá sì lọ. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ìyá rẹ̀ náà ti rí irú rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń gbo ewé asúnwọ̀n sára ọmọ. Bí ohun méjì bá ń tẹ̀ lé ara wọn léraléra, ọmọ ènìyàn a máa so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n pé ohun méjì jọ rìn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ohun tó mú làpálàpá lọ yàtọ̀ sí ohun tó ń ta, àwọn ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí, lẹ́sẹẹsẹ.

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú iṣẹ́ tí ásíìdì náà ń ṣe gan-an. Awọ ara wa ní ìpele òkè kan tó jẹ́ kìkì sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ léra wọn, tí nǹkan sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ojoojúmọ́ ni díẹ̀ nínú wọn ń já bọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Iṣẹ́ salicylic acid ni láti tú ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ yẹn, kí wọ́n lè tètè já bọ́. Ó tún ní ìwà mìíràn: ó máa ń yòrò nínú ọ̀rá. Nítorí náà, ó lè bá ọ̀rá ara wọ inú àwọn ihò kéékèèké tí irun ń gbà hù, níbi tí òkú sẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rá ti dí pọ̀ tí irorẹ́ fi ń yọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi dára fún irorẹ́.

Nínú Whitfield, oògùn méjì ló ń ran ara wọn lọ́wọ́. Benzoic acid, tó jẹ́ ìdá 6 nínú 100, ń dá fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá lọ́wọ́ kọ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí jẹ́ ẹ̀dá kéékèèké tó bá olú àti èbu tan. Salicylic acid, tó jẹ́ ìdá 3 nínú 100, ń ṣí òkú awọ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà fi ṣelé kúrò. Orúkọ Arthur Whitfield, dókítà awọ ara ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ìpara náà ń jẹ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí ayé ti ń lò ó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi àdàpọ̀ yìí sínú ìwé àwọn oògùn tó pọn dandan rí. Ẹ wo gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní rí ibi tí ìrora ti kó ipa kankan. Òkú sẹ́ẹ̀lì kì í mọ ìrora, fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í ké.

Ìdí kejì ni ibi tí títa náà ti ń wá. Òótọ́ ni pé oògùn yìí lè rinni lára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Òótọ́ sì ni pé awọ lè gbẹ, kó yọ ìpẹ́ díẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìpele òkú awọ ni iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ wà. Kí ásíìdì tó lè ta ni tagbáratagbára, ó gbọ́dọ̀ ti kọjá ibi iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí a ò rán an. Ohun tó sì sábà ń jẹ́ kó débẹ̀ ni pé ó le jù, tàbí pé awọ ti bó ṣáájú. Ẹni tó fi kànìnkànìn ha làpálàpá títí tó fi ṣẹ̀jẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ó bá rọra fọ ibẹ̀, tó nù ún gbẹ, tó ń fi ìpara pa á lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìdáwọ́ dúró, ìwòsàn kan náà ni yóò rí, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ oró. Ẹni tó ń bẹ iṣu fún iyán mọ̀ pé èèpo ni kí ọ̀bẹ bá lọ. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ inú iṣu, òfò ló dé.

Ìdí kẹta ni ìwọ̀n, ibẹ̀ sì ni àìkíyèsára ti pọ̀ jù. Orúkọ kan ṣoṣo ni salicylic acid, ṣùgbọ́n oògùn tó ń jẹ́ orúkọ náà kì í ṣe ọ̀kan. Fún irorẹ́, ààbọ̀ ìdá kan sí ìdá 2 nínú 100 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pé kí ènìyàn máa rà láìgba ìwé dókítà. Ti Whitfield jẹ́ ìdá 3. Oògùn olómi tí wọ́n ń kán sórí kókó tó hù sí ìka ọwọ́ máa ń tó ìdá 17. Ti pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi tí bàtà ti sọ ẹsẹ̀ di líle máa ń tó ìdá 40. Nígbà tí dókítà awọ ara bá fẹ́ fi ásíìdì yìí ṣí awọ ojú, ìdá 20 sí 30 ló sábà máa ń lò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó wà lójú, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ọ.

Ìdá 40 jẹ́ ìlọ́po 20 ìdá 2. Ẹni tó bá mú oògùn àtẹ́lẹsẹ̀ tó fi pa ojú nítorí pé "salicylic acid náà ni", ó ti fi ohun tí wọ́n ṣe fún awọ tó nípọn jù lọ lára jó awọ tó fẹ́lẹ́. Yóò ta á gan-an. Bí títa bá jẹ́ ìwòsàn lóòótọ́, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rí ìwòsàn ní gbogbo Adó. Ọgbẹ́ ni yóò rí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ìdí kẹrin kan àwa aláwọ̀ dúdú ní tààràtà. Àwọn kan gbà pé bí awọ ojú bá ti ṣí, dúdú tó wà níbẹ̀ ti bá a lọ, àbàwọ́n irorẹ́ yóò pa rẹ́, ojú yóò sì mọ́. Mo gbà pé ohun tó jọ òtítọ́ wà níbẹ̀: salicylic acid tí a lò níwọ̀nba lè mú kí àbàwọ́n irorẹ́ tètè rẹ̀ dànù, nítorí ó ń mú kí awọ òkè tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpele tó wà nísàlẹ̀ ni ara ti ń ṣe èròjà tó ń mú wa dúdú, salicylic acid kì í sì í dá iṣẹ́ náà dúró. Ohun tó burú jù ni pé nígbà tí a bá fi iná tàbí oró bá awọ dúdú jà, èsì rẹ̀ ni pé kó ṣe èròjà dúdú yẹn sí i. Gbogbo ẹni tí iná ti jó rí, tàbí tí irorẹ́ ti yọ sí lójú rí, ló mọ àpá dúdú tó ń kù síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ẹni tó ń wá títa kó lè pa àbàwọ́n rẹ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àbàwọ́n tuntun. Bí ó bá tún jáde sínú oòrùn ọ̀sán láìfi nǹkan bo ojú, àbàwọ́n náà yóò túbọ̀ dúdú. Nígbà náà ni yóò wá ohun tó le ju èyí lọ.

Ìdí karùn-ún ni ohun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní kí ìpara ojú má ju ìdá 2 salicylic acid lọ, kí ìpara gbogbo ara má sì ju ààbọ̀ ìdá kan lọ. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé yóò ní wọ́n ti dojú òfin dé, nítorí awọ ara nípọn ju ti ojú lọ. Ṣùgbọ́n ojú kéré, gbogbo ara pọ̀. Awọ ń mu lára ásíìdì yìí sínú ẹ̀jẹ̀, bí ibi tí a fi pa bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ohun tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó. Ó tún ń pọ̀ sí i bí awọ bá ti bó, tàbí bí a bá fi aṣọ tàbí náílọ́ọ̀nù dì í. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, etí á máa dún hoo, èébì á máa gbé ni, mímí á yára kọjá bó ṣe yẹ, iyè á dàrú. Ó ti pa ènìyàn rí.

Ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí awọ wọn pọ̀ lára wọn ju tiwa lọ bí a bá fi wé bí wọ́n ṣe wúwo tó. Òfin Yúróòpù kan náà sọ pé kí wọ́n má lo ohun ìṣaralóge tó ní salicylic acid fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ìyá tó fi Whitfield pa gbogbo ara ọmọ ọwọ́ nítorí èéyi kò ní ọkàn búburú, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu. Kì í ṣe Whitfield ni a fi ń wo èéyi.

Ọ̀rọ̀ ìpara àdàpọ̀ wà lábẹ́ ìdí yìí pẹ̀lú. Ní 2023, Mojísọ́lá Adéyẹyè tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé ara bíbó ti di ọ̀ràn ìlera pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Mercy Olúmìdé, dókítà awọ ara, ti kọ ìwé ńlá lórí ohun tí àṣà yìí ń ṣe fún obìnrin aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó ń po ìpara a máa bu salicylic acid sí i, wọ́n á ní kó lè "gbé àwọn yòókù wọlé". Òótọ́ ni wọ́n sọ: ó ń gbé wọn wọlé. Àwọn dókítà pàápàá máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pa á pọ̀ mọ́ oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù fún awọ tó nípọn jù, nítorí ó ń ṣílẹ̀kùn fún sítẹ́rọ́ọ̀dù náà. Ṣùgbọ́n dókítà mọ ohun tó ń gbé wọlé, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò dá a dúró. Nínú ike tí kò ní àkọlé, sítẹ́rọ́ọ̀dù líle lè wà níbẹ̀, hydroquinone tí wọ́n fi ń bó ara lè wà níbẹ̀, mẹ́kúrì lè wà níbẹ̀. Kí a wá bu ohun tó ń ṣílẹ̀kùn sí i, kí a sì fi pa ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kò sí òye ìṣègùn kankan tó lè ṣàlàyé ìyẹn.

Ìdí kẹfà ni pé bí a bá tilẹ̀ fẹ́ fi títa ṣe ìkìlọ̀ ewu nìkan, kò ṣeé gbára lé. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti bá fínra fún ìgbà pípẹ́ lè má mọ nǹkan lára mọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ó bá lẹ pílásítà ìdá 40 mọ́ ẹsẹ̀, kò ní ta á rárá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹran ara rẹ̀ títí tí yóò fi di egbò tó lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára oògùn náà pé kí alátọ̀gbẹ má lò ó. Àpẹẹrẹ kejì burú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀tẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ bí àbàwọ́n ràndánràndán kan tó fẹ́ funfun, tó jọ làpálàpá lójú ẹni tí kò mọ̀, tí ìmọ̀lára ibẹ̀ sì ti kú. Ẹni tó gbà pé títa ni ìwòsàn yóò fi ìpara sí i, kò ní gbọ́ títa, yóò ní oògùn náà kò lágbára, yóò sì máa wá èyí tó le jù ú lọ láti oṣù dé oṣù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, oògùn ẹ̀tẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń wò ó sàn pátápátá bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Làpálàpá orí tí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ní tún wà níbẹ̀. Inú irun àti ìdí rẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn sá sí. Kò sí bí Whitfield ṣe lè ta tó, kò lè bá a níbẹ̀. Oògùn tí ọmọ yóò máa gbé mì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, bíi griseofulvin, ni ìtọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n fá orí ọmọ, kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì fi ìpara ta á títí tí yóò fi sunkún, ìyà lásán ni.

Ìdí keje ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí láti inú ìtàn oògùn yìí fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ní 1763, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Stone, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé èèpo igi willow ń lé ibà lọ. Ní 1828, Johann Buchner yọ ohun kíkorò tó ń ṣiṣẹ́ nínú èèpo náà jáde ní Munich. Ní 1838, Raffaele Piria sọ ọ́ di salicylic acid. Láti 1874, ilé iṣẹ́ kan nítòsí Dresden ní Jámánì ti ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu láìlo èèpo igi, àwọn dókítà sì ń fún àwọn tí oríkèé ń ro mu. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ta wọ́n lẹ́nu, ó sì ń dá ọgbẹ́ sí wọn nínú. Bí ìgbàgbọ́ tí mo ń tún ṣe yìí bá tọ̀nà, inú àwọn dókítà ìgbà náà ì bá dùn sí i. Àléébù ni wọ́n kà á sí. Ní 1897, ní ilé iṣẹ́ Bayer, Felix Hoffmann so nǹkan mìíràn mọ́ salicylic acid kó má baà ta ni bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí ló di ásípírìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lórúkọ yẹn ní 1899. Wọ́n ṣẹ́ oró rẹ̀ kù, agbára rẹ̀ ò sì lọ. Oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ ni ẹ̀rí pé títa àti ìwòsàn ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ásípírìn yìí dé ilẹ̀ wa, Yorùbá sì sọ ọ́ di tiwọn. Ní 1918, Jacob Ṣógbóyèga Odùlatẹ̀, ọmọ Ìkòròdú tó fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ Alábùkún, lẹ́búlẹ́bú tó ní ásípírìn àti kaféènì nínú, tí wọ́n ń tà títí di òní fún orí fífọ́. Iṣẹ́ ọpọlọ tó yẹ ká máa fi yangàn ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ásípírìn àti salicylic acid jẹ́ ìyekan, àwọn kan ti ń lọ hóró ásípírìn tàbí kí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú mọ́ omi, kí wọ́n fi lé irorẹ́ lójú. Ìyekan ni wọ́n lóòótọ́. Ẹyọ kan kọ́ ni wọ́n. Inú ara, lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì, ni ásípírìn ti ń tètè padà di salicylic acid. Lójú awọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní yòrò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdá mélòó ló kan awọ. Irú àìbìkítà kan náà ló wà nínú fífún ọmọdé tí ara rẹ̀ ń gbóná ní ásípírìn: lẹ́yìn tí dókítà Douglas Reye ṣàpèjúwe, ní 1963, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ jẹ́, ìwádìí ti so ó mọ́ ásípírìn. Ní Bìrìtìkó, wọ́n ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 má lò ó láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi gbọ́ òdì. Oògùn rere ni salicylic acid, kò wọ́n, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu, kó wá èyí tí kò ju ìdá 2 lọ, kó máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí ní ọjọ́ kan bí kò bá ọjọ́ kan, kó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá ń ta kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ojú ń pupa tàbí tí ó ń bó, kó dín in kù tàbí kó dá a dúró. Ẹni tó ní làpálàpá lára, kó lo Whitfield síbi tí làpálàpá wà nìkan, kó sì ní sùúrù. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ásípírìn kò gbọdọ̀ lò ó láìkọ́kọ́ bi apòògùn. Aláboyún kò gbọdọ̀ fi èyí tó le ṣí awọ, kó má sì fi pa ibi tó fẹ̀ lára. Bí nǹkan kò bá sì yí padà lẹ́yìn oṣù kan, kì í ṣe oògùn tó ń ta jù ú lọ ló kàn. Dókítà ló kàn, kó wo ohun tó wà lára náà gan-an, yálà ní EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wà láàárín Adó, tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá súnmọ́ni.

Ìdá tó wà nínú oògùn, ibi tí a fi pa, bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ọjọ́ orí ẹni tó ń lò ó, àti àìsàn tí a fẹ́ wò: àwọn wọ̀nyí ló ń sọ bóyá salicylic acid yóò wò wá tàbí yóò pa wá lára. Ara ìgò ni èyí tó ṣáájú nínú wọn wà, ẹni tó bá mọ̀wé kà lè rí i. Ìpara tí ẹni tó pò ó kò lè sọ ìdá tó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe rà á.